Ọlidé Ọdún Tí Gàrí Wa Kò Kan

Ta ló ń sọ pé ó sú òun yẹn? Tóbi, ìwọ ni àbí? Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó ti jẹun yó, tí fáànù ń fẹ́ sí lára, tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló ń kérora pé ọlidé sú òun. Ẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe lo ọlidé gígùn kan nínú ilé yìí gan-an fún yín, nígbà tí bàbá yín jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí orí ẹ̀ tóbi ju ara ẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ẹ̀ wà lára ògiri lọ́hùn-ún, ẹ lọ wò ó.

Tí mo bá ní ilé yìí, ẹ má wo bó ṣe rí lónìí. Kò sí géètì nígbà náà, kò sí fẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á kí wa ní pálọ̀, a ó sì dá a lóhùn láìdìde. Ibi tí bàbá yín ń gbé mọ́tò sí yẹn, kànga ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn kànga ni ẹ̀gẹ́ wà, ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi fọwọ́ ara wọn gbìn. Láàárọ̀, ìpè ìrun láti mọ́sáláṣí òdìkejì ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìgbálẹ̀. Gbogbo àdúgbò á máa gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń jí mi báyìí.

Tíṣà ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá àgbà yín, ẹni tó wà nínú yàrá yẹn tó ń díbọ́n pé òun ń sùn, tó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ní kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni, ó sì bọ́ sínú ọlidé. Kò fẹ́ lọ, èmi ni mo tì í. Mo ní, "Iléèwé ti gba ọlidé, ilé ni mo wà. Kí ló tún kù?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bísí, ṣé ẹ mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé yìí?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mẹ́ta la ní. Bísí, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ó sì ti gbọ́n ju èmi lọ. Fẹ́mi ni bàbá yín. Yínká ni àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Àwọn mẹ́ta yìí ni ìyá àgbà yín fi lé mi lọ́wọ́.

Ìyá mi ń gbé ní Ayépé nígbà náà. Wọ́n gbọ́ pé ìyàwó mi ń lọ, lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wọ mọ́tò wá. Wọn ò tíì mu omi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọmọ mi. "Bísí á tẹ̀ lé mi lọ sí Ayépé. Yínká á lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀ ní Ìjagun. Fẹ́mi á lọ sí Odogbolu, nílé ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ. Ìwọ wá lè wà níbí, kó o máa ka ìwé ẹ."

Mo ní, "Màámi, àwọn ọmọ mi ò ní lọ síbì kankan."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ìyá mi ò ní agbára àtirán mi níléèwé, ni wọ́n bá kó mi lọ sí Odogbolu, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọn ò fìyà jẹ mí níbẹ̀ o. Mo jẹun, mo kàwé, ibẹ̀ ni mo ti di tíṣà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, èmi àti ìyá mi ò gbé inú ilé kan náà mọ́. Tí iléèwé bá ti gba ọlidé, oko ni gbogbo wa ń lọ. Ọjọ́ Kérésì nìkan ni mo máa ń rí ìyá mi, tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, mo ti padà. Mo wá sọ fún ara mi pé tí èmi bá bímọ, mi ò ní fọ́n wọn ká, ì báà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Wọ́n rò pé ire ni wọ́n ṣe fún mi, ire náà sì ni. Ilé tí wọ́n fẹ́ rán Fẹ́mi lọ yìí, ilé tí mo dàgbà sí ni.

Ìyá mi wò mí títí. Wọ́n mọ̀ pé mi kì í bá àwọn jiyàn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ẹ. Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé yín ti tó wà. Ẹ wà á, kẹ́ ẹ fi yan gàrí dè mí. Tí mo bá mu ún tó dáa, n ó mọ̀ pé ulé yìí létò, n ó sì fi yín sílẹ̀. Tí ò bá dáa, n ó kó àwọn ọmọ." Ìyá mi kì í pe ilé ní "ilé," "ulé" ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi lọ.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé gàrí lásán ni. Torí inú ọ̀rá lẹ ti ń rà á ni. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé tó wọ̀, gàrí ibẹ̀ ló máa bù sẹ́nu. Gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kúnná, ó gbọ́dọ̀ gbẹ, ó sì gbọ́dọ̀ kan. Kó kan débi pé tẹ́ ẹ bá bu omi tútù sí i, tẹ́ ẹ mu ún, ojú yín á fún pọ̀, etí yín á sì mì. Gàrí tí kò kan, àlejò ló máa ń yan án. Ìyá mi ò ní kí n wá ṣe ohun tó le. Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe ni wọ́n ní kí n ṣe.

Bí ìyá àgbà yín ṣe lọ, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agogo iléèwé wà lọ́wọ́ mi, èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ mì, torí èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ẹ̀ títí a ó fi wọlé. Mo ya táìmù-tébù sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri kíṣíìnì. Aago mẹ́fà, agogo: ẹ jí, ẹ gbálẹ̀, ẹ fa omi. Aago mẹ́jọ, agogo: ògì àti àkàrà. Ìwé kíkà. Iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Oúnjẹ ọ̀sán. Oorun. Aago mẹ́rin, ìwẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo lu agogo nígbà mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ kejì, Yínká gbé agogo pamọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà. Odindi àárọ̀ la fi wá a. Ìgbà tí mo fẹ́ gbé ẹ̀wà kaná ni mo rí i.

Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Mo ní kí ni ká ṣe. Bísí ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tiẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ni ọjọ́, òun ló máa sọ ohun tí a ó jẹ, òun ló máa lu agogo, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun kan ṣoṣo lórí táìmù-tébù. Ohun kan péré. Ìyókù, a gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo gbà. Ẹ̀yin ọmọ, láti ọjọ́ náà, wọ́n ń jí kí n tó jí. Ọmọ tó bá mọ̀ pé agogo máa bọ́ sọ́wọ́ òun lọ́la, ṣé ó tún lè sùn?

Ọjọ́ Yínká, àgbàdo la jẹ. Àgbàdo sísè láàárọ̀, àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn lọ́sàn-án, ẹ̀kọ tútù tí wọ́n fi àgbàdo ṣe lálẹ́. Ó ní a ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan mìíràn, òfin ni. Ọjọ́ Fẹ́mi, ìwẹ̀ ló fagi lé. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó bọ́ síta pẹ̀lú tayà tó ń yí kiri, ó wá wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Mo ní kó lọ wẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo ti fagi lé e." Bó ṣe lọ sùn nìyẹn. Bísí ní tiẹ̀, oorun ọ̀sán ló fagi lé, ó sì gbé ayò jáde, ó nà mí nígbà mẹ́rin. Mo ní àánú ẹ̀ ló ṣe mí. Irọ́ tún ni.

Àwa tí a wà nílé nígbà náà, a mọ bí ọ̀sán ṣe gùn tó. Tí òjò oṣù kẹjọ bá dá díẹ̀, oòrùn á yọ fẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀ á máa rùn dáadáa, àwọn ọmọ àdúgbò á fa ìlà súwè sílẹ̀ níwájú ilé wa. Ẹ ò ní gbọ́ mọ́tò. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lọ́nà jíjìn, ẹ ó sì gbọ́ ìyá kan tó ń polówó àsálà. Tẹlifíṣọ̀n ò ní ṣí títí di aago mẹ́rin, tó bá sì ṣí, wọ́n lè mú iná lọ. Kò dùn wá. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ṣaláìní nǹkan kan. Èmi tí mo ti ń ṣe tíṣà láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Fẹ́mi bẹ̀rù adìyẹ, pé Yínká máa ń bá omi sọ̀rọ̀ nínú kànga, pé Bísí lè kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo láìwo ìwé. Inú mi dùn débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ń bó iṣu.

Oúnjẹ? Ẹ má bi mí. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan ni apá mi ò ká, torí mo rín ewùrà lẹ́ẹ̀kan, mo rín ìka mi mọ́ ọn. Àlàájà, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ, ló máa ń gbé ọbẹ̀ wá nígbà mìíràn. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì jóná?"

Lórí táìmù-tébù, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kọ ẹ̀gẹ́ wíwà sí, kí gàrí lè délẹ̀ dáadáa kí ìyá mi tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì ni Iléyá bọ́ sí. Ìdílé onígbàgbọ́ ni wá, ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè ìyẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde? Àlàájà gbé ẹran wá fún wa kún abọ́. Ọjọ́ kẹta, gbogbo ìlú kọrí sí Ojúde Ọba. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ ká wa ẹ̀gẹ́, ọjọ́ Fẹ́mi sì ni. Ó dúró níwájú mi, ó fi agogo pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Mo fagi lé ẹ̀gẹ́." Ó yẹ kí n kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ẹ̀, mo sì rántí ara mi lóko Odogbolu, nígbà tí mò ń gbọ́ ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin láti ọ̀nà jíjìn, tí ọkọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ lọ wẹ̀."

Háà, àwọn ẹṣin ọjọ́ náà! Mo gbé Yínká lé èjìká. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọ agbádá, wọ́n fi ṣáńdà, aṣọ funfun fẹ́lẹ́, bo ojú nítorí eruku, ẹṣin ń jó, ẹṣin ń forí mì. Ọ̀kan dúró gbàgà níwájú wa, ó sín sára ẹ̀wù funfun bàbá yín. Ẹ̀wù ọjọ́ Sọ́ńdè ẹ̀ ni o. Kò jẹ́ ká fọ̀ ọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó ń fi hàn fún gbogbo ọmọ àdúgbò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹta ṣe dé tí a ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ni a wà á. Mo fà, wọ́n ń kó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a bó o, a fọ̀ ọ́, a gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ, a dà á sínú àpò, a gbé òkúta lé e. Omi ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Mo lọ wo táìmù-tébù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni yíyan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àlàájà gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, wọ́n rí mi tí mò ń to igi sínú ààrò. "Ìgbà wo lẹ lọ ẹ̀gẹ́ yìí?"

Mo ní, "Ìjẹta ni, Àlàájà."

"Ẹ sì fẹ́ yan án lónìí? Tíṣà, ẹ gbé igi yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún la fi ń gbé òkúta lé e. Kò tíì kan."

Mo ní, "Sátidé ni ìyá mi ń bọ̀."

Wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé ìyá yín ń bọ̀."

Kí n jẹ́wọ́ fún yín, mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣé mi ò mọ̀ ni? Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Tí mo bá dúró, ìyá mi á bá àpò ẹ̀gẹ́ lábẹ́ òkúta. Mo ní bóyá oòrùn á ti mú un kan. A yan án. Bísí jọ̀ ọ́, èmi fi igbá rò ó nínú agbada, Fẹ́mi ń fẹ́ iná, èéfín bò wá, omi ń jáde lójú gbogbo wa. Ó kúnná. Ó gbẹ. Ó funfun nini, ó dára lójú. Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, Bísí bu omi sí díẹ̀, ó mu ún. Ó gbé ife náà fún mi. Mo mu ún. Ó dà bí ẹni mu iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fọ̀. Kò sí kíkan nínú ẹ̀ rárá.

Fẹ́mi ní, "Ṣé wọ́n á kó wa lọ?" Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ gbọ́ ohun tí èmi àti ìyá mi bá ara wa sọ. Mo ní kí wọ́n lọ jẹun. Èmi ò lè jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Báàgì mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣófo. Yínká kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo etí àwọn ọmọ, wọ́n wo èékánná, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣí ìdérí àmù, wọ́n yọjú wo inú ẹ̀. Wọn ò rí àléébù kankan. Mo rí i pé ó ń yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ní, "Ẹ gbé gàrí wá."

Mo fẹ́ dìde, Bísí ti ṣáájú mi. "Ẹ jókòó, Dádì. A ó pò ó fún Ìyá." Ìyẹn kọ́ la ṣe ń ṣe é. Gàrí gbígbẹ la máa ń gbé síwájú àgbà, pẹ̀lú omi, kó fọwọ́ ara ẹ̀ pò ó bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kíṣíìnì, wọ́n pẹ́. Yínká ló gbé abọ́ jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó kúnlẹ̀. Ìyá mi gbà á, wọ́n mu ún.

Ojú wọn fún pọ̀. Etí wọn mì. Mo rí i! Mo ní nínú ara mi pé Olúwa ti ṣe é. Gàrí tí kò kan lánàá ti wá kan lónìí.

Ìyá mi gbé abọ́ sílẹ̀. Wọ́n ki ìka méjì bọnu, wọ́n fa nǹkan kékeré kan jáde, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Kóró ọsàn wẹ́wẹ́ ni.

Wọ́n ní, "Tíṣà." Tí ọ̀rọ̀ bá le ni wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Ìgbà wo ni ẹ̀gẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ sí í so ọsàn?"

Wọ́n wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló fún ọsàn sínú gàrí mi?"

Mo ní, "Èmi ni, Màámi." Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni.

Fẹ́mi fò dìde. "Irọ́ ni! Dádì ò mọ nǹkan kan! Èmi ni mo fún un."

Bísí ní, "Èmi ni mo ní kó fún un, Ìyá."

Yínká ní, "Èmi ni mo já a. Lára igi Àlàájà. Mi ò tọrọ."

Bàbá yín nìyẹn o, ẹni tó ń lé yín kiri inú ilé pé ẹ má purọ́. Ẹ bi í léèrè ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá dé lálẹ́ òní.

Ìyá mi ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

Fẹ́mi ló dáhùn. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá kó wa lọ, Dádì á máa dá jẹun."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ìyá mi. Wọ́n rín in títí gèlè wọn fi tú. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ̀ ohun tí wọ́n ń rín. Wọ́n ní, "Ẹ lọ ṣeré, ẹ̀yin olè ọsàn. Ẹ lọ bẹ Àlàájà." Wọ́n sáré jáde. Ìyá mi fi etí ìró nu ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún, mo wá rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo fi ẹ́ sílẹ̀ ní Odogbolu, o ò sunkún. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, ò ń juwọ́ sí mi. Mo ní, ọpẹ́ ni, ibẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Mo ní, "Mo sunkún, Màámi. Ìgbà tí mọ́tò yín lọ tán ni."

A ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé Àlàájà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, Àlàájà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìyá mi kó báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ká wọn wọnú ara wọn, wọ́n jókòó lé wọn lórí. "Gàrí yìí ò dáa," ni wọ́n wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ọmọ mi ló yan án. Ẹ lọ wa ẹ̀gẹ́ tó kù. N ó dúró tì í títí á fi kan."

Wọn ò padà sí Ayépé títí ìyàwó mi fi dé láti Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò. Wọ́n sùn nínú yàrá tó kọjú sí tèmi, wọ́n ń hanrun, mo sì ń gbádùn ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí oòrùn tó yọ, wọ́n kanlẹ̀kùn mi gbangban, wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ bójú, kí n wá jẹ ògì mi kó tó tutù. Mo dìde, mo bójú, mo jókòó síwájú wọn, mo jẹ ẹ́. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí lọ́jọ́ náà, láti ìgbà tí mo sì ti jẹ́ ọmọ ọdún méje, ìyẹn ni ọlidé àkọ́kọ́ tí mo lò nílé lọ́dọ̀ ìyá mi.